Ìwé Sọ̀wédowó Tí Kò Lówó Nídìí: Nígbà Tí Gbèsè Bá Di Ẹjọ́ Ọ̀daràn

  

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kò dá lórí àlùwàlá tàbí ààwẹ̀. Orí ìwé sọ̀wédowó, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ṣẹ́ẹ̀kì, ni a gbé e kà. Ẹlòmíràn lè bi wá pé kí ló kan àáfà kan ọ̀rọ̀ báńkì. Ó kàn wá, nítorí pé owó ènìyàn wà nínú rẹ̀, àdéhùn wà nínú rẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. A ti rí i pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ ohun tó ń ba ìrun jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí ìfọwọ́sí kan ṣoṣo lè bà jẹ́.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ÀWA FÚNRA WA

Kí a tó sọ ohun tí òfin wí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníjìbìtì nìkan ni a ń sọ.

Ní ilé-kéwú tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ, a fẹ́ bo yàrá méjì kí òjò tó dé. Ènìyàn méjì ló ń fọwọ́ sí ìwé sọ̀wédowó ilé-kéwú náà: akápò àti àwa. Nígbà tí a fẹ́ rìnrìn-àjò ọ̀sẹ̀ méjì, a fọwọ́ sí ewé mẹ́ta sílẹ̀ láìkọ iye kankan sí i, a ní kí akápò lò ó bí nǹkan bá pọn dandan. A rò pé ọgbọ́n ni a gbọ́n.

Àwọn olóore kan ti ṣèlérí owó níbi ìkówójọ wa. Akápò ka ìlérí wọn sí owó tó ti dé. Ó lọ bá Alhaja kan tó ń ta páànù, ó kó páànù, ó sì kọ ewé kan fún un. Lọ́jọ́ tí ìyá náà gbé e dé báńkì, owó tó wà nínú àkáǹtì wa kò tó ìdajì iye tí a kọ sí i. Báńkì kọ DAR sí i, èyí tí wọ́n fi ń sọ pé kí ó padà lọ bá ẹni tó kọ ìwé náà.

A ti dé láti ìrìn-àjò nígbà tí Alhaja wá. Lẹ́yìn ìrun Alaasari ni. Kò pariwo rárá. Ó yọ ewé náà láti inú ọ̀rá kan, ó fi ìka tọ́ ibi tí a fọwọ́ sí, ó ní, “Àáfà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ fọwọ́ síbí yìí ni?”

A ní, “Àwa ni, Ìyá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.”

Ó ní, “Mi ò bínú. Àwìn ni èmi náà gba páànù yẹn lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ká ní ẹ sọ fún mi pé ẹ ò tíì lówó ni, mo lè ní kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, torí pé ilé-kéwú ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé lẹ fún mi.”

“Ìwé lẹ fún mi.” Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn wa títí di òní. A ta alùpùpù wa, akápò yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ rẹ̀, a sì san gbogbo owó Alhaja lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Ó dá ewé wa padà, ó sì ṣe adúà fún ilé-kéwú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iléèwé wa àtijọ́ tó ti di agbẹjọ́rò, ó mi orí, ó ní, “Àáfà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ká ní ìyá yẹn gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ ni, ẹ̀yin àti akápò lẹ jọ máa rojọ́ níwájú adájọ́.” Ó mú òfin náà wá, a jókòó, a kà á. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni a fẹ́ kọ́ yín.

KÍ NI ÌWÉ SỌ̀WÉDOWÓ?

Orúkọ tí àwọn àgbà wa fún un ti ṣàlàyé ara rẹ̀: ìwé tí a sọ di owó. Ẹni mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ẹni tó kọ ọ́, báńkì tí a pàṣẹ fún, àti ẹni tí a ní kí wọ́n san owó fún. Nítorí náà, kì í ṣe ìwé ìlérí lásán. Àṣẹ ni. Ẹni tó kọ ọ́ ń sọ fún báńkì pé, “Ẹ mú nínú owó mi tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ fún lágbájá.” Ẹni tó gbà á, ohun tó gbọ́ ni pé owó wà níbẹ̀. Bí owó kò bá sí níbẹ̀, ìwé náà ti sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́, bí ẹni tó kọ ọ́ kò tilẹ̀ la ẹnu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Lárúbáwá yóò rántí ọ̀rọ̀ náà ṣakk. Ìwé tí a fi ń fi ẹ̀tọ́ tàbí owó hàn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ibn Hawqal, arìnrìn-àjò tó gbé ayé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí ṣakk kan tí iye tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 42,000 dínárì, nínú òwò tó wà láàárín Sijilmasa ní ilẹ̀ Mòrókò àti Awdaghost tó wà ní ilẹ̀ Mauritania òde òní. Ẹ ò rí i pé ní apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa yìí, ó ti pẹ́ tí Mùsùlùmí ti ń fi ìwé ṣòwò. Ìgbẹ́kẹ̀lé ló jẹ́ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ níyì.

Nínú àkójọ àdíìsì Imam Muslim, ìtàn kan wà nípa irú ìwé yìí. Nígbà tí Marwan ń ṣe gómìnà Mẹ̀dínà, wọ́n máa ń fún àwọn ènìyàn ní ìwé tí wọn yóò fi gba oúnjẹ. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé náà kí oúnjẹ tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Abu Huraira lọ bá Marwan, ó bá a wí pé kí ló dé tó fi fàyè gba èyí, nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa láti ta oúnjẹ kí a tó gbà á pé. Marwan bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, ó fi òfin dè é, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ń gba ìwé náà padà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. A kò sọ pé ìwé oúnjẹ ìgbà yẹn àti ṣẹ́ẹ̀kì ọ̀kan náà ni. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àwọn ẹni àkọ́kọ́ kò fi ojú kékeré wo ìwé tó ń rìn láàárín ọjà nígbà tí ohun tó dúró fún kò tíì sí lọ́wọ́.

GBÈSÈ LÁSÁN KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀ ỌBA

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀nà. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ẹni tó jẹ gbèsè tí kò rí i san kò dá ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn nítorí gbèsè náà nìkan. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí ọ̀rọ̀ àdéhùn tó yẹ̀ tàbí ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 náà tún un sọ. Ní ọdún 2018, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ ọ́ gbangba pé iṣẹ́ àjọ EFCC kì í ṣe láti máa bá ènìyàn gba gbèsè. Ẹni tí a jẹ lówó lè pe onígbèsè lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ sì lè pàṣẹ pé kí ó san án, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó báyìí. Ká ní akápò wa sọ fún Alhaja pé, “Ẹ fún wa ní páànù láwìn, a ó san án ní oṣù tó ń bọ̀,” tí owó kò sì dé, onígbèsè ni a bá jẹ́. Ojú ì bá tì wá, wọ́n ì bá sì pè wá lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ó parí síbẹ̀. Páànù kan náà ni, iye owó kan náà ni, oṣù kan náà ni. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni ewé pélébé tí a fọwọ́ sí. Ewé yẹn ló sún wa kúrò lójú ọ̀nà onígbèsè, tó gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tó kù nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má gbàgbé èyí.

OHUN TÍ ÒFIN ỌDÚN 1977 WÍ

Ní ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin pàtàkì kan lórí ìwé sọ̀wédowó tí báńkì bá kọ̀ láti san. Ó ṣì wà títí di òní nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti ọdún 2004, ní orí D11. Òfin kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ó le. Ohun mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ pé kí ẹ̀ṣẹ̀ náà tó dúró:

Èkíní: kí ẹni náà ti gba nǹkan, ìbáà jẹ́ owó tàbí ọjà, fún ara rẹ̀ tàbí fún ẹlòmíràn, tàbí kí ó ti gba àwìn.

Èkejì: kí ó jẹ́ pé ìwé sọ̀wédowó ni ó fi gbà á.

Ẹ̀kẹta: kí wọ́n ti gbé ìwé náà dé báńkì láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí a kọ sí orí rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: kí báńkì ti kọ̀ ọ́ nítorí pé kò sí owó nínú àkáǹtì náà, tàbí pé owó tó wà níbẹ̀ kò tó.

Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, kí ni ìjìyà rẹ̀? Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, láìsí àǹfààní láti san owó ìtanràn dípò rẹ̀. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké, adájọ́ lè ní kí ẹni náà san owó kí ó sì máa lọ sílé. Níbí, òfin kò fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ni, owó ìtanràn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 5,000 náírà. Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín nígbà tó bá gbọ́ iye yìí, ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Òfin náà fi kún un pé bí ẹ̀ṣẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà bá ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ tàbí ìfọwọ́sí olùdarí, alákòóso tàbí akọ̀wé rẹ̀, tàbí nítorí àìbìkítà rẹ̀, òun náà jẹ̀bi, a ó sì fi ìyà jẹ ẹ́ bí ẹni tó dá a ní orúkọ ara rẹ̀. Àìbìkítà! Nígbà tí a ka ibẹ̀, a rántí ewé mẹ́ta tí a fọwọ́ sí sílẹ̀ láìkọ iye kankan sí i.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí a mọ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé, “Kì í ṣe ọjà tuntun ni mo fi gbà; gbèsè àtijọ́ ni mo fi ìwé náà san, nítorí náà n kò gba nǹkan kan.” Òfin náà ti dí ojú ọ̀nà yìí. Ẹni tó bá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ san ohun tó jẹ nínú àdéhùn tó dúró lábẹ́ òfin, òfin kà á sí ẹni tó ti fi í gba àwìn, kódà bí wọn kò bá sọ ọ̀nà tí yóò gbà san án nígbà tí wọ́n ń ṣe àdéhùn.

Bí ó bá wá jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ènìyàn ti ń purọ́ láti fi lu ẹlòmíràn ní jìbìtì, òfin mìíràn wà fún un, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006 lórí jìbìtì. Ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀ kò dín ní ọdún méje, kò sì ju ogún ọdún lọ, láìsí owó ìtanràn. Àwọn tó ń fi àlẹ́ẹ̀tì èké gba ọjà lọ́wọ́ àwọn ìyá ọjà lónìí, tí wọ́n rò pé àwọn gbọ́n ju ayé ṣẹ́ẹ̀kì lọ, kí wọ́n mọ̀ pé òfin yìí ń dúró dè wọ́n.

ÀWÍJÀRE TÍ ÒFIN GBÀ ÀTI ÈYÍ TÍ KÒ GBÀ

Òfin kò fi ìyà jẹ ẹni tí nǹkan ṣèèṣì bá. Ó sọ pé ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn lè bọ́, bí ó bá lè fi hàn, títí yóò fi tẹ́ ilé-ẹjọ́ lọ́rùn, pé nígbà tí òun kọ ìwé náà, òun ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti gbàgbọ́ pé báńkì yóò san án, àti pé òun gbà á gbọ́ ní tòótọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé méjì ni: ìgbàgbọ́ náà gbọ́dọ̀ wà lọ́kàn, ìdí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣeé fojú rí. Ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn ni yóò sì fi í hàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ wò ó. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ránṣọ ní owó tó tó nínú àkáǹtì rẹ̀. Ó kọ ìwé fún ẹni tó ń ta aṣọ. Kí ìwé náà tó dé báńkì, àṣìṣe báńkì yọ nínú owó rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Èyí ní ohun tó lè sọ, ìwé àkáǹtì rẹ̀ sì ń jẹ́rìí sí i. Ẹ wá wo akápò tiwa, tí ó gbójú lé ìlérí àwọn olóore. Kí ni yóò sọ? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú wọn ti san owó náà sí báńkì? Rárá. Ìrètí ni, kì í sì í ṣe gbogbo ìrètí ni adájọ́ ń kà sí ìdí tó mọ́gbọ́n dání.

“Mo kọ ọjọ́ iwájú sí i.” Òfin náà kò yọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ tí a kọ sí i ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù mẹ́ta.

“Mo ti san owó náà padà.” Ó dára kí a san án, ó sì pọn dandan. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ níbì kankan pé ẹni tó bá san án lẹ́yìn-ò-rẹyìn kò dá ẹ̀ṣẹ̀ mọ́.

“Ọ̀rẹ́ mi ló ni ọjà náà, mo kàn fi ìwé mi gbà á fún un ni.” Ẹ padà sí ohun èkíní tí a kà lókè: fún ara rẹ̀ tàbí fún ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a tún sọ èyí: bí báńkì bá dá ìwé padà nítorí ohun mìíràn, bíi pé ìfọwọ́sí kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu, nígbà tí owó wà níbẹ̀, kì í ṣe òfin ọdún 1977 ló kan ìyẹn. Nítorí náà, kí a ka ohun tí báńkì kọ sórí ìwé kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀daràn.

IBI TÍ Ẹ̀YIN Ọ̀DỌ́ TI SÁBÀ Ń KÓ SÍ I

Ẹ lè sọ pé ayé ti yí padà, pé orí fóònù ni a ti ń fi owó ránṣẹ́ báyìí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń yáni lówó ṣì máa ń ní kí a kọ ìwé sọ̀wédowó mélòó kan sílẹ̀ fún oṣù tó ń bọ̀. Àwọn onílé kan ṣì ń gbà á fún owó ṣọ́ọ̀bù. Ẹgbẹ́ wa àti mọ́sálásí wa sì ṣì ń lò ó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ òwò, tí ojú ń kán, a máa fọwọ́ sí ewé mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà láìro ibi tí owó ewé kẹta yóò ti wá. Arábìnrin kan a máa fọwọ́ sí i fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀, nítorí pé òun kò fẹ́ kí ó rò pé òun kò fọkàn tán an. Ọmọ a máa gbà kí wọ́n fi òun ṣe olùdarí ilé-iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó sì máa fọwọ́ sí ohun tí kò kà. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìfọwọ́sí náà rí bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WA TI SỌ ṢÁÁJÚ

Kí òfin ọdún 1977 tó dé, Ọlọ́hun ti kọ́ wa. Àyà tó gùn jùlọ nínú Àlùkùráánì, èyí tí í ṣe ẹ̀kejìlélọ́gọ́rin lé ní igba nínú Súrà Bákárà, orí gbèsè ló dá lé: ó pa á láṣẹ pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọjọ́ rẹ̀ hàn, kí akọ̀wé ṣe déédéé, kí ẹlẹ́rìí wà. Kí ni ìdí rẹ̀? Kí ìwé baà lè gbe òtítọ́ ró. Ẹni tó wá fi ìwé gbe irọ́ ró ti yí ohun tí Ọlọ́hun fi dáàbò bò wá padà di ohun tó ń ṣeni léṣe. Ìbẹ̀rẹ̀ Súrà Máídà sì pàṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ òdodo pé kí wọ́n máa mú àdéhùn wọn ṣẹ.

Ìyá wa Aisha gbà á wá pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun máa ń wá ìṣọ́ra lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kúrò níbi ẹ̀ṣẹ̀ àti gbèsè nínú ìrun rẹ̀. Nígbà tí ẹnìkan bi í pé kí ló dé tó fi ń tọrọ èyí tó bẹ́ẹ̀, ó ṣàlàyé pé bí gbèsè bá wọ ènìyàn lọ́rùn, bó bá sọ̀rọ̀, irọ́ ni yóò pa, bó bá sì ṣèlérí, yóò yẹ̀ ẹ́. Bukhari àti Muslim ló gbà á wá. Ẹ wò ó dáadáa: ohun méjèèjì ló pàdé nínú ìwé sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí. Irọ́ wà níbẹ̀, àlùkàwàní tó yẹ̀ náà wà níbẹ̀, ìwé báńkì sì ti ṣe ẹlẹ́rìí.

Bukhari tún gbà á wá pé wọ́n gbé òkú kan wá síwájú Ànábì, kí ó kírun sí i lára. Ó bèèrè bóyá ó jẹ gbèsè. Wọ́n ní ó jẹ dínárì mẹ́ta, kò sì fi ohun kan sílẹ̀. Ó ní kí àwọn sàhábà kírun sí ọmọ ìyá wọn lára. Ìgbà tí Abu Qatada gba gbèsè náà sí ọrùn ara rẹ̀ ni Ànábì tó kírun sí i. Dínárì mẹ́ta péré ni o! Àdíìsì mìíràn nínú Bukhari sì kọ́ wa pé ẹni tó bá gba owó ènìyàn pẹ̀lú èrò láti san án, Ọlọ́hun yóò bá a san án. Ẹni tó bá gbà á láti fi ṣòfò, Ọlọ́hun yóò sọ òun náà dòfò. Òfin ọba ń béèrè ohun tí a gbà gbọ́ nígbà tí a kọ ìwé. Ọlọ́hun náà ń wo ohun tó wà lọ́kàn wa lọ́jọ́ náà. Adájọ́ ayé lè má rí i, ṣùgbọ́n Òun rí i.

BÓ BÁ TI ṢẸLẸ̀ ŃKỌ́?

Sí ẹni tó kọ ìwé: má sá, má pa fóònù. Bí o bá ti mọ̀ pé owó kò ní pé, lọ bá ẹni tí o kọ ìwé fún kí ó tó gbé e dé báńkì, kí o sì sọ òótọ́ fún un. Ìtìjú ọjọ́ kan sàn ju ẹ̀wọ̀n ọdún méjì lọ. Bí báńkì bá ti dá a padà, wá owó náà kíákíá, san án níwájú ẹlẹ́rìí, gba ìwé rẹ padà, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ti san án. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, wá agbẹjọ́rò kí o tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, túúbá sọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kí o sì tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ẹni tí o ṣẹ̀.

Sí ẹni tó gba ìwé: gbé e dé báńkì kí oṣù mẹ́ta tó pé, nítorí pé bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, òfin yìí kò ràn ọ́ lọ́wọ́ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ ṣì jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ. Tọ́jú ìwé náà àti ohun tí báńkì kọ sí i. Má lo ọlọ́pàá láti fi halẹ̀ mọ́ ẹni tó jẹ ọ́ ní gbèsè lásán tí kò kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí o bá sì rí i pé ìnira gidi ló bá onígbèsè rẹ, rántí àyà tó pa á láṣẹ nínú Súrà Bákárà yẹn kan náà pé kí a fún un ní àyè títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Alhaja tiwa ṣe bẹ́ẹ̀, a kò sì gbàgbé rẹ̀ nínú adúà.

Sí ẹgbẹ́ àti mọ́sálásí wa: a ti fi òfin mẹ́ta lélẹ̀ ní ilé-kéwú wa lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. A kì í fọwọ́ sí ewé òfìfo, bí ìrìn-àjò tilẹ̀ gùn. A kì í ka ìlérí sí owó. Ohun tó ti wọ àkáǹtì nìkan ni a ń kọ ìwé lé lórí. Akápò sì gbọ́dọ̀ fi iye tó kù nínú àkáǹtì hàn kí ẹnì kejì tó fọwọ́ sí ìwé. Lọ́jọ́ tí a kò bá lówó, a máa ń fi ẹnu ara wa sọ ọ́ pé àwìn ni a fẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ló yàtọ̀ láàárín ẹni tó jẹ gbèsè lásán àti ẹni tó fi ìwé sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí gba ọjà?

2. Ka ohun mẹ́rin tó gbọ́dọ̀ pé kí ẹ̀ṣẹ̀ inú òfin ọdún 1977 tó dúró.

3. Arákùnrin kan kọ ìwé nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ máa ń san owó oṣù ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ní oṣù yìí owó kò dé. Ṣé ìdí tirẹ̀ mọ́gbọ́n dání? Ẹ jíròrò rẹ̀.

4. Bí ọ̀rẹ́ rẹ tàbí àfẹ́sọ́nà rẹ bá ní kí o bá òun fọwọ́ sí ìwé, báwo ni o ṣe lè kọ̀ ọ́ láìba ìfẹ́ jẹ́?

5. Kí ni àdíìsì Abu Qatada kọ́ wa nípa gbígba gbèsè ẹlòmíràn sí ọrùn?

Kí Ọlọ́hun fi halaali rọ̀ wá lọ́rùn, kí Ó má jẹ́ kí a fi gègé wa kọ ẹjọ́ sí ara wa lọ́rùn láyé àti ní ọ̀run. Kí Ó bá gbogbo ẹni tó ń jẹ gbèsè pẹ̀lú èrò rere san án. Àmín.